Kí Aró Tó Dé Ọ̀dọ̀ Awọ

Ẹ̀yin aránbàtà tí òòlù ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń rán báàgì, ẹ̀yin tí ẹ ń ta awọ ní Múṣín, ẹ̀yin gan-an ni mo bá wá lónìí. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ń wọ bàtà, ọ̀rọ̀ náà kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Bàtà méjì wà níwájú yín. Dúdú ni méjèèjì. Ọjọ́ kan náà lẹ rà wọ́n, owó kan náà lẹ san. Kò pẹ́, kò jìnnà, ọ̀kan ṣì dúdú kirikiri, ó ṣì ń dán. Èkejì ti ń ṣe pàtàpàtà. Ibi tí ìka ẹsẹ̀ ti ń ká a ti ṣí, ẹ sì ń rí nǹkan funfun lábẹ́ rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ yín gan-an ti di dúdú. Kí ló fà á?

Ẹ ó ní aró ni. Ẹ ó ní ẹni tó rẹ ẹ́ ni kò mọṣẹ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, aró kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Ẹni tó rẹ ẹ́ náà kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lára awọ kí ẹnikẹ́ni tó gbé aró sí i.

Ohun tí mo mú wá fún yín lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Kí aró tó dé ọ̀dọ̀ awọ, awọ ti mọ ohun tí yóò gbà. Bí wọ́n ṣe bó o, bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀, bí wọ́n ṣe yọ irun rẹ̀, ohun tí wọ́n fi sọ ọ́ di awọ tó ṣeé lò, àwọn nǹkan wọ̀nyí ló ń pinnu bí aró yóò ṣe mú un. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Awọ náà, ilé ló ti ń kó ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ ròde.

Ibo ni awọ ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ rò ó wò. Ṣé ọ̀dọ̀ aláwọ ni? Rárá o. Ara ẹran tó ṣì ń jẹ koríko ni. Ẹran tí ẹ̀gún ti ya lára, tí eégbọn ti jẹ, tí darandaran ti fi irin gbígbóná sàmì sí, gbogbo ìyẹn ti di àpá. Àpá kì í gba aró bí ara tó kù ṣe ń gbà á. Òmíràn á gbà á jù, á dúdú ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Òmíràn kò ní gbà á rárá. Àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kì í sì í bo àṣírí. Bí ẹ bá rẹ irú awọ bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè, gbogbo eégbọn tó jẹ ẹran náà láti kékeré ni yóò jáde wá jẹ́rìí.

Ṣé ẹ wá mọ ìdí tí dúdú fi pọ̀ lórí àtẹ? Awọ tó bá lábàwọ́n púpọ̀, dúdú ni wọ́n sábà máa ń rẹ ẹ́ sí. Awọ tó mọ́ tónítóní ni wọ́n ń fi pa mọ́ fún àwọ̀ tó tàn. Nítorí náà, tí ẹ bá rí báàgì aláwọ gidi tí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, tó mọ́, tí kò ní àpá kankan, tí wọ́n sì pe owó gọbọi lé e, ẹ má tíì bú olówó. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Lẹ́yìn èyí ló kan alápatà. Ọ̀bẹ tó bá ṣi ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń bó awọ, ihò ló ń dá sí i tàbí kó gé e lábẹ́ láìgé e tán. Ojú kì í tètè rí i. Ọjọ́ tí aró bá dé ibẹ̀ lẹ ó rí ìlà gbọọrọ tẹ́ ẹ kò fi síbẹ̀.

Ẹ̀yin olólùfẹ́ pọ̀nmọ́, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ má bínú sí mi. Èmi náà kì í yọ ọ́ kúrò nínú ọbẹ̀ tí wọ́n bá bù ú fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òdodo ọ̀rọ̀. Awọ tí wọ́n ti fi iná jó irun rẹ̀ kúrò ti jinná. Nínú awọ, okùn tín-ín-rín ló hun ara wọn pọ̀, ojú lásán kò lè rí wọn. Àárín àwọn okùn yìí ni aró máa ń wọ̀. Iná á mú kí wọ́n súnkì, wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ibi tí wọ́n bá ti lẹ̀ pọ̀, kò sí ọ̀nà fún oje igi tí wọ́n fi ń sọ awọ di èyí tó ṣeé lò, kò sì sí ọ̀nà fún aró. Ní ọdún 2022, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà fún ìmọ̀ awọ ní Zaria, èyí tí wọ́n ń pè ní NILEST, ní ó yẹ kí òfin de pọ̀nmọ́ jíjẹ, kí awọ lè kù fún àwọn ilé iṣẹ́. Ariwo ta nígboro! Ní tèmi, mi ò rí òfin tó lè gba pọ̀nmọ́ lẹ́nu ọmọ Yorùbá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa awọ, òótọ́ ni. Ẹ ò lè jẹ ẹ́ tán kẹ́ ẹ tún wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀.

Kì í sì í ṣe iná nìkan o. Oòrùn náà ń ṣe irú rẹ̀. Ẹ wo awọ tútù tí wọ́n tẹ́ sórí ilẹ̀ gbígbóná tàbí sórí páànù lọ́sàn-án gangan. Lójú, ó ti gbẹ, ó dára. Nínú, àárín rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná. Ẹ rẹ ẹ́ láró, etí rẹ̀ á gbà á, àárín á kọ̀ ọ́. Abẹ́ ibòòji ni awọ ti ń gbẹ dáadáa, kí wọ́n nà án, kí afẹ́fẹ́ máa gba abẹ́ rẹ̀. Iyọ̀ náà tún wà. Awọ tútù kò ní sùúrù. Bí wọ́n bá bó o láàárọ̀ tí wọn ò fi iyọ̀ sí i, tí wọ́n ká a jọ sí kọ̀rọ̀ kan títí di ọjọ́ kejì, kòkòrò tí ojú ò rí ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Ojú awọ, níbi tí irun ti hù, ni wọ́n ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ibẹ̀ náà sì ni aró ti ń hàn jù.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò yín, ẹ káàbọ̀. Awọ la ń sọ, àti aró. À ń sọ pé kí aró tó dé ọ̀dọ̀ awọ, awọ ti mọ ohun tí yóò gbà. Ẹ fà á mọ́ra, ẹ jókòó.

Ó wá kan irun. Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ ọ́ láìlo iná? Ẹ jẹ́ ká lọ sí Kano, nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ iṣẹ́ yìí ti jinlẹ̀ jù lórílẹ̀-èdè yìí. Nítòsí Kofar Wambai, nínú ìlú Kano àtijọ́, àwọn aláwọ ṣì ń ṣe é bí àwọn bàbá wọn ṣe ṣe é. Omi eérú ni wọ́n ń rẹ awọ sí. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá kù sísàlẹ̀ kòtò aró ẹ̀lú, èyí tí wọ́n fi rẹ aṣọ, wọ́n tún máa ń dà á mọ́ eérú yẹn. Àbí ẹ ò rí nǹkan? Ohun tí aláró aṣọ kò fẹ́ mọ́ ni aláwọ ń tọrọ. Ní ilé iṣẹ́ ńlá, láìmù ni wọ́n ń lò dípò eérú, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń kun ògiri. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Irun á dẹ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ há a kúrò. Àwọn okùn tín-ín-rín inú awọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ara wọn sílẹ̀.

Wàyí o, ìgbà wo ló tó? Bí kò bá pẹ́ tó nínú omi eérú, àárín awọ á ṣì le. Aró á dúró sójú, kò ní wọlé. Ẹ rántí bàtà tí ẹsẹ̀ ká tí nǹkan funfun sì yọ lábẹ́ rẹ̀? Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bó bá sì pẹ́ jù, awọ á dẹ̀ kọjá ààlà, ojú rẹ̀ á rí págunpàgun. Aró á rì sínú rẹ̀, àwọ̀ á ṣú, kò ní tàn láéláé. Kò sí aago tó ń sọ ọ́. Ọwọ́ aláwọ ló ń sọ ọ́. Á fa awọ náà sókè, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, á wo bí irun ṣe ń tú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á yí awọ dà, wọ́n á há inú rẹ̀. Ẹran tó kù síbẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ. Ọ̀rá gbọ́dọ̀ lọ. Mo tún un sọ: ọ̀rá gbọ́dọ̀ lọ! Ẹ̀yin aládìrẹ Abẹ́òkúta àti Òṣogbo, ẹ̀yin lẹ ó bá mi ṣàlàyé èyí. Ibi tí ẹ bá fi ẹ̀kọ láfún yàwòrán sí lára aṣọ, ṣé aró máa ń mú ibẹ̀? Kì í mú un. Ohun tí ẹ̀kọ ń ṣe lára aṣọ ni ọ̀rá ń ṣe lára awọ. Àmọ́ ẹ̀yin mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀kọ yàwòrán ni. Ọ̀rá kì í yàwòrán tó wu ènìyàn. Pàtàpàtà ló ń ya. Awọ àgùntàn ló sì burú jù nínú èyí, nítorí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀ ju ti ewúrẹ́ lọ.

Ṣé a ti ṣe tán? Ó kù díẹ̀. Irun ti lọ, ọ̀rá ti lọ. Eérú ńkọ́? Láìmù ńkọ́? Ṣé wọ́n ti kúrò lára awọ? Ọ̀pọ̀ ló ń ṣubú níbí. Wọ́n á fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní ó tó. Kò tó. Láìmù tó bá kù sínú awọ, ìgbà tó bá pàdé oje igi tí wọ́n fi ń ṣe awọ, á dá àbàwọ́n sí i, dúdú níbí, àwọ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Aró tó bá bọ́ sórí àbàwọ́n yẹn kò ní bò ó.

Kí ni wọ́n wá fi ń yọ ọ́? Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun lọ́wọ́. Imí ẹyẹlé ni. Imí ẹyẹlé, tàbí ti adìyẹ, tí wọ́n pò mọ́ omi. Wọ́n ń ṣe é ní Kano. Wọ́n ń ṣe é títí di òní ní ìlú Fez, ní orílẹ̀-èdè Mòrókò. Ó ń fa eérú àti láìmù jáde, ó sì ń sọ awọ di rírọ̀. Òórùn rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Bíbélì, ẹ rántí Símónì aláwọ nínú ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, tí Pétérù dé sí ilé rẹ̀. Ẹ̀bá òkun ni ilé ọkùnrin yẹn wà. Ẹni tó bá ti gba ibi ìṣawọ kọjá rí kò ní bi mí pé kí ló fà á.

Ní báyìí, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn jù létí tèmi. Ẹ ti rí i pé títí di ìsinsìnyí, awọ yẹn kò tíì di awọ bàtà. Bí wọ́n bá sá a gbẹ báyìí, á le gbandi. Awọ ìlù nìyẹn. Ohun tí àyàn ń fẹ́ nìyẹn, nítorí awọ tó bá ti rọ̀ kì í fọhùn lójú ìlù. Ṣùgbọ́n ti bàtà, ti báàgì, ti tìmùtìmù, awọ gbọ́dọ̀ mu ohun tí yóò mú un rọ̀, tí kò sì ní jẹ́ kó jẹrà mọ́. Kí sì ni ohun náà? Ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì nìyí. Ọ̀nà tí wọ́n bá sì gbà ni yóò sọ irú aró tí awọ yóò gbà.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ti oje igi. Àwọn ará Kano ń lo èso igi kan tí wọ́n ń pè ní bagarúwà. Wọ́n á gún èso náà, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á rẹ awọ sí i, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa yí i. Oje rẹ̀ ń fún ẹnu pọ̀ bí ẹ bá tọ́ ọ wò. Bó ṣe ń fún ẹnu pọ̀ yẹn náà ló ṣe ń di àwọn okùn inú awọ mú. Ohun tó jẹ́ kí bagarúwà gbayì ni pé àwọ̀ tó ń fi sílẹ̀ lára awọ kò ṣú. Ó fẹ́ẹ́rẹ́. Èèpo àwọn igi mìíràn wà, bí irú èyí tó ń hù létí ọ̀sà, tó jẹ́ pé pupa rúsúrúsú ni wọ́n ń sọ awọ dà. Awọ yẹn lágbára o. Ṣùgbọ́n ẹ gbé aró ìyeyè lé e, àwọ̀ ẹrẹ̀ lẹ ó rí. Ẹ gbé pupa lé e, á pọ́n, kò ní tàn. Lórí bagarúwà, pupa á tàn yòò.

Pupa yẹn gan-an ló sọ Kano di ìlú olókìkí. Ní ọdún 1851, arìnrìn-àjò ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Heinrich Barth dé Kano. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé omi tí wọ́n fà yọ lára pòròpórò ọkà ni wọ́n fi ń rẹ awọ àgùntàn ní pupa, pé wọ́n sì ń kó o gba aṣálẹ̀ lọ títí dé Tripoli. Láti ibẹ̀, ó ń sọdá òkun lọ sí Yúróòpù. Nígbà tó bá dé ọ̀hún, kí lẹ rò pé wọ́n ń pè é? Awọ Mòrókò! Ọmọ Kano ló fi ẹsẹ̀ tẹ awọ nínú imí ẹyẹlé, ẹlòmíràn ló gba orúkọ.

Ọkà bàbà ni ọkà ọ̀hún. Èèpo ara pòròpórò rẹ̀, ti irú èyí tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń pò mọ́ káún. Àwọn aláwọ Ọ̀yọ́ náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí làbà Ṣàngó, àpò aláwọ tí àwọn àwòrò Ṣàngó ń gbé kọ́ èjìká, ẹ mọ pupa tí mò ń wí. Ẹ mọ pupa ara tìmùtìmù Ọ̀yọ́. Káún ló ń fa pupa náà jáde. Àmọ́ káún yìí kan náà, ọ̀tá bagarúwà ni. Ó máa ń tú oje bagarúwà kúrò lára awọ. Awọ tó bá ti mu bagarúwà yó á fara dà á. Awọ tí wọ́n kánjú yọ á pọ́n lónìí, á le, á sì máa sán bó bá ṣe díẹ̀. Ẹni tó rà á á ní aró ló jẹ awọ òun. Aró kọ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìkánjú ni.

Ẹ wá gbọ́ ti dúdú. Ìdàrọ́ irin, ìṣó tó ti dóògún, wọ́n á kó wọn sínú omi kíkan, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ wo omi náà. Kò dúdú. Àwọ̀ rẹ̀ kò ju ti omi inú agolo tó dóògún lọ. Ẹ wá ti aṣọ bọ̀ ọ́, ẹ fi nu ojú awọ tí wọ́n fi bagarúwà ṣe. Lójú yín báyìí, kẹ́ ẹ tó mí lẹ́ẹ̀mejì, awọ á ṣú, á di àwọ̀ eérú, á di àwọ̀ sánmà òjò, á di dúdú. Ẹ fi omi kan náà nu awọ tí wọn ò fi oje igi ṣe. Kí lẹ ó rí? Àwọ̀ ìdóògún lásán. Ṣé ẹ rí i bí? Dúdú náà kò sí nínú omi irin nìkan. Ààbọ̀ rẹ̀ ti wà lára awọ, ó ń dúró de èkejì rẹ̀. Kí aró tó dé ọ̀dọ̀ awọ, awọ ti mọ ohun tí yóò gbà.

Nítorí èyí, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ẹ ṣọ́ra fún irin. Awọ tí wọ́n fi oje igi ṣe, tó ṣì lómi lára, ẹ má gbé e sórí páànù tó dóògún. Ẹ má fi ọ̀bẹ tútù sílẹ̀ lórí rẹ̀ lọ jẹun. Ẹ ó padà wá bá àwòrán ọ̀bẹ níbẹ̀, dúdú bí ẹni fi yíǹkì yà á. Bó bá ti ṣẹlẹ̀, oje ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń dín in kù. Kì í fìgbà gbogbo pa á rẹ́ pátápátá.

Ọ̀nà kejì ni ti òyìnbó. Ní ọdún 1884, ní Amẹ́ríkà, Augustus Schultz gba ìwé àṣẹ lórí bí wọ́n ṣe lè fi kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ kúróòmù ṣe awọ. Iṣẹ́ tí oje igi ń fi ọ̀sẹ̀ ṣe, kúróòmù lè ṣe é láàárín ọjọ́ kan. Lónìí, ọ̀pọ̀ awọ tí wọ́n fi ń ṣe òkè bàtà, kúróòmù ni wọ́n fi ṣe é. Bó bá jáde látinú kẹ́míkà yẹn, bí àwọ̀ aró ẹ̀lú tó fẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń rí, ó fi díẹ̀ jọ àwọ̀ búlúù tí wọ́n ń fi sínú omi ìfọṣọ. Awọ yìí, ìfẹ́ tó ní sí aró ilé iṣẹ́ kì í ṣe kékeré. Kíá ló ń fà á mọ́ra, ó sì máa ń tàn. Kíá yìí náà ni ìyọnu rẹ̀. Bí ẹni tó ń rẹ ẹ́ bá da aró lé e lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tó kọ́kọ́ kàn á gbé gbogbo rẹ̀ mì, ibi tó kù á máa wò.

Awọ kúróòmù sì ń fara da omi gbígbóná. Ti oje igi kò lè fara dà á o! Mo ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin tí ẹ ń se aró lórí iná. Awọ oje igi tí ẹ bá rì sínú omi tó ń hó á ká jọ, á súnkì, á le bí igbá. Kò sí àtúnṣe sí i mọ́. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú awọ tó wà lọ́wọ́ yín.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n? Ẹ bi ẹni tó tà á. Ẹ ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni wọ́n fi ṣe awọ yìí?" Bó bá dáhùn pé, "Ọmọ mi, awọ gidi ni, fọkàn balẹ̀," kò tíì dá yín lóhùn. Ẹ wo etí ibi tí ọ̀bẹ ti gé e. Bí àárín rẹ̀ bá ṣe bí eérú tó fẹ́ fi díẹ̀ di búlúù, kúróòmù ni. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, oje igi ni, bí ó bá jẹ́ pé aró kọ́ ló wọ ibẹ̀. Bí ojú bá ṣì ń ṣe yín wàìwàì, ẹ kán omi ìṣó tó dóògún sí igun kan. Bó bá ṣú, oje igi ni. Ẹ tọrọ àṣẹ kẹ́ ẹ tó kán an o. Ọjà ọlọ́jà ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra bàtà tàbí báàgì lásán ńkọ́? Tiyín kò le. Ẹ mú aṣọ funfun tó lómi díẹ̀ lára, ẹ nu kọ̀rọ̀ kan tí kò hàn. Bí aṣọ bá di dúdú, ojú ni aró jókòó sí, kò wọlé. Ìbọ̀sẹ̀ yín ló kàn. Ẹ ká awọ náà, ẹ wo ibi tó ti ká. Bí àwọ̀ mìíràn bá yọ níbẹ̀, ẹ ti mọ ìtàn rẹ̀: awọ tí kò pẹ́ tó nínú omi eérú, tàbí tí ọ̀rá ṣì wà nínú rẹ̀, tàbí aró tí wọ́n kàn kùn sójú. Ẹ wo gbogbo ojú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn, kì í ṣe lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù. Gílóòbù ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rẹ́ ọlọ́jà ni.

Ìbéèrè kan tún wà tí àwọn ènìyàn sábà máa ń bi mí. Wọ́n ní bàtà àwọn ti ṣá, ṣé àwọn lè tún un rẹ nílé? Ẹ lè tún un rẹ. Ṣùgbọ́n pólíìṣì tí ẹ ti ń kùn ún láti ọjọ́ yìí ńkọ́? Òróró àti ìda ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá da aró lé e, orí pólíìṣì ni aró máa dúró sí. Ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ àti sípíríìtì nu pólíìṣì àtijọ́ kúrò, díẹ̀díẹ̀, títí aṣọ yóò fi máa jáde ní mímọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ níbi tí oòrùn kò sí. Ẹ dán aró wò sí inú ahọ́n bàtà, níbi tí okùn ń bò. Bó bá mú un dọ́gba níbẹ̀, ẹ rẹ ìyókù. Bí kò bá mú un, ẹ gbé e lọ fún aránbàtà, kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé ẹ ti fọwọ́ kàn án. Ẹ má jẹ́ kó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Àsìkò ti lọ. Ẹ̀yin aránbàtà, ẹ fi òòlù sílẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹun.